Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àgbà Tóbi

Òórùn ẹran tí iná ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé ẹja kan ló bọ́ sínú iná, mo bá mú igi, mo tẹ̀ síwájú láti yọ ọ́. Kò sí ẹja kankan nínú iná. Gbogbo wọn wà lórí irin níbi tí mo tò wọ́n sí, ìrù wọn wà lẹ́nu wọn bí a ṣe máa ń ká wọn. Ìyá àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń bá obìnrin tó ń gbé ilé kejì sọ̀rọ̀ nípa ayálégbé kan tó máa ń da omi ìfọṣọ sójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Èéfín díẹ̀ ń jáde nílẹ̀, mo sì wo ibi tó ti ń jáde. Abẹ́ ẹsẹ̀ òsì ìyá àgbà ni. Ẹyín iná kan ti yí jáde kúrò nínú ààrò, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo kàn sáré tì í. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu obìnrin kejì.

“Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

Mo nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di èjìká mi mú, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó yí i, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíràn. Awọ rẹ̀ ti bó nísàlẹ̀, ibì kan dúdú, ibì kan funfun. Obìnrin kejì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá àgbà fi ìka tẹ ibi tó jóná náà, ó tún un tẹ̀.

“Mi ò mọ̀ ọ́n lára,” ó ní. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé òun ò rí kọ́kọ́rọ́ òun. “Mi ò mọ nǹkan kan lára.”

Òun ni ìyá tó bí ìyá mi. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ẹja yíyan sì ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ. Nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì wà, ó máa ń bá ọkọ̀ ojú omi dé ọjà Ẹ̀jìnrìn lọ ra ẹja tútù. Ní tèmi àti ìyá mi, Agric ní Ìkòròdú là ń gbé. Ìyá mi ń ta ẹja tí ìyá àgbà bá yan, èmi ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, mo sì máa ń wá bá ìyá àgbà yan ẹja náà kí n tó kó o lọ. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo wọ ilé-ìwé girama díẹ̀, ó sì tán síbẹ̀. Mo lè ka Yorùbá, mo sì lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí àjèjì bá bi mí ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, “Ẹ má bínú sí i, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló gbé ẹnu rẹ̀ mì.”

Kì í ṣe pé a kò gbọ́ nípa ẹsẹ̀ ìyá àgbà tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé èèrà ń rìn ín ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ní bí òun bá ń rìn, ó dà bí ẹni pé òwú ni òun ń tẹ̀. Gbogbo wa ní, “Ṣúgà ni.” Ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà lóòótọ́, ó sì ti ń lo oògùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kì í gbàgbé é. Gbogbo àgbàlagbà àdúgbò tó ní ṣúgà ló ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti sọ ọ́, a ó dáhùn, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ lè kú débi pé iná á máa jó o, ẹni tó ni ín á sì máa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fọ ojú ọgbẹ́ náà fún un nítòsí ilé, wọ́n sì dì í. Ìyá mi ní kí a máa bọ̀ ní Ìkòròdú kí dókítà lè wò ó dáadáa, nítorí náà mo mú ìyá àgbà, a wọ ọkọ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká padà wá. Lọ́jọ́ tí a padà lọ, ìyá mi kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀, èmi nìkan ni mo tẹ̀lé e wọlé sọ́dọ̀ dókítà.

Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni dókítà náà, èdè ẹnu rẹ̀ jọ ti àwọn ará Ọ̀yọ́. Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ìyá àgbà, ó tún wo ìwé.

“Màmá, àwọn hóró pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tóbi.”

“Alihamudulilahi,” ni ìyá àgbà wí.

“Màmá, kì í ṣe ohun tí à ń dúpẹ́ fún.”

“Kí ló wá ṣe é? Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ mi tóbi. Ṣé tó bá rún wẹ́wẹ́ ló dáa ni?”

“Ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ó tóbi, kò sì pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín kéré, Màmá.”

Ìyá àgbà yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. “Ẹ̀jẹ̀ mi tóbi, ẹ̀jẹ̀ mi kéré. Ìwọ tó kàwé, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?”

Kò yé èmi náà.

Dókítà gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Màmá, ẹ ti dín àkàrà rí?”

“Ta ni kò dín àkàrà rí?”

“Ká sọ pé ṣíbí tí ẹ fi ń bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo sọnù, tí ẹ wá ń fi igbá dà á. Báwo ni àkàrà yẹn ṣe máa rí?”

“Á tóbi. Á rí gbàgùdù. Inú rẹ̀ ò ní jinná.”

“Ṣé ẹ̀wà inú ọpọ́n á sì ṣe iye àkàrà tó yẹ kó ṣe?”

“Kò lè ṣe é.”

“Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ yín nìyẹn. Inú egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Fítámì kan wà tó dà bíi ṣíbí yẹn, òun ló ń jẹ́ kí ara pín hóró ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí kò bá tó, hóró á kàn máa wú, kò ní gbó, kò sì ní pọ̀. Fítámì yẹn kan náà ló ń tọ́jú àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ gbígbóná mọ tútù.”

Ó ní òun náà ti kọ́kọ́ rò pé ṣúgà ló pa ẹsẹ̀ náà, ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ ṣúgà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà kì í mú hóró ẹ̀jẹ̀ wú báyìí. Ó bi í bó bá máa ń jẹ ẹran, ẹja àti ẹyin, nítorí inú wọn ni fítámì náà wà.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Ẹja kẹ̀? Dókítà, bí ẹ bá gé mi lọ́wọ́, omi ẹja ló máa jáde.”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé oògùn ṣúgà tó ń lò, bó bá ti pẹ́ lára, kì í jẹ́ kí inú gba fítámì náà tó bó ti wù kí èèyàn jẹ ẹja tó. Kó má dá oògùn náà dúró o, àmọ́ òun á yẹ fítámì náà wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ni mo ń tọ́jú sórí, nítorí mo mọ̀ pé ìyá mi á bi mí. Ìgbà náà ni dókítà béèrè, láì gbójú sókè, “Ọtí ńkọ́, Màmá?”

N kò rí ẹni tó bi ìyá àgbà ní irú rẹ̀ rí láyé mi. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká.

“Ṣé ojú ọ̀mùtí lẹ rí lójú mi?”

“Gbogbo èèyàn là ń bi, Màmá.”

“Ẹ bi wọ́n. Èmi lọ Mẹ́kà.”

“Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú.”

“Ẹnu mi yìí, ọtí ò kàn án rí. Bí mo bá lọ síbi tí wọ́n ti ń mu ún, mi ò kí ń jókòó pẹ́.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ń béèrè nítorí ọtí wà lára ohun tó máa ń sọ hóró ẹ̀jẹ̀ di ńlá, àti pé bó bá jẹ́ òun ni, ọ̀rọ̀ rọrùn, ẹni náà á kàn fi í sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, tí kì í sì í ṣe fítámì nìkan, a jẹ́ pé a ní láti wo ẹ̀dọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá dára, ní ọjọ́ orí ìyá àgbà, ó lè jẹ́ mùdùnmúdùn inú egungun fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó sọ èyí wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ó wá tọ́ka sí ẹsẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì.

“Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù nìyí. Bí a bá tètè mọ ohun tó ń fà á, ẹsẹ̀ lè padà mọ nǹkan lára. Bí a bá pẹ́, kò ní padà. Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára, Màmá, ọgbẹ́ á máa dá sí i láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ tí a gé lẹ́sẹ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá àgbà tẹrí ba. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà. Èmi ń wo ọwọ́ dókítà, nítorí n kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a máa fi dé Agric, ó ti mú lára ọ̀rọ̀ dókítà èyí tó wù ú, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn alájọgbé ìyá mi pé, “Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi tóbi.” Obìnrin ará Ọ̀ṣun kan tó háyà yàrá iwájú dáhùn pé, “Àlàájà, ẹ bu díẹ̀ fún mi nínú ẹ̀, tèmi ti rù.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ìyá mi ní kọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ dé ibi gígé ẹsẹ̀, ó sì jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ ẹja láìmọ̀ pé ẹja wà nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà kò fẹ́ dúró ní Ìkòròdú kí èsì tó jáde. Ó ní ariwo pọ̀ jù. Ìyá mi bẹ ọ̀gá mi, ọ̀gá mi yọ̀ǹda mi, mo sì bá a padà sí Ẹ̀pẹ́ láti máa fọ ọgbẹ́ náà kí n sì máa ṣọ́ ọ nídìí iná. Kò ju ìgbà díẹ̀ lọ tí a dé ibẹ̀ tó pè mí.

“Ìyá mi,” bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, “lọ bá mi gba àgbo ẹ̀yìn mi lọ́wọ́ obìnrin tó wà lójú ọ̀nà etí omi. Àná ló ti tán, ẹ̀yìn sì ń ro mí. Sọ pé ti Àlàájà ẹléja ni.”

Gbogbo wa la mọ àgbo ẹ̀yìn náà. Láti kékeré ni mo ti ń rí ìgò rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. A kì í fọwọ́ kàn án, oògùn àgbà ni. Ẹni tó ń tẹ̀ ba lórí ààrò láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ro ó. N kò ro nǹkan kan sí i.

Obìnrin alágbo jókòó sábẹ́ agboòrùn, ìgò pọ̀ níwájú rẹ̀, gbòǹgbò àti èèpo igi ló kún inú wọn. Ọkùnrin awakọ̀ ojú omi kan dúró tì í, ife kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jíṣẹ́.

“Olómi àbí ọlọ́tí?” obìnrin náà béèrè.

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa.

“Mo ní olómi àbí ọlọ́tí? Àbí wọ́n rán odi sí mi ni?”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ bù ú pọ̀ fún un, ohùn á yọ.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, mà,” ni mo wí. “Ti ẹ̀yìn ni wọ́n ní. Ti Àlàájà tó ń yan ẹja.”

“O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀.” Ó ti na ọwọ́ sí ìgò kan. “Ọlọ́tí ni tiwọn. Wọn kì í gba olómi rárá, wọ́n ní ó máa ń ru wọ́n nínú. Sọ fún wọn pé eléyìí ti rẹ̀ dáadáa, ògógóró tó le ni mo fi rẹ ẹ́ fún wọn.”

Ó dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo dìde. N kò rántí bóyá mo dúpẹ́. Mo rìn dé ẹ̀yìn ilé kan tí kò sí èèyàn, mo ṣí ìdérí ìgò náà. Òórùn náà gba imú mi wọ orí. Mo mọ òórùn náà. Ọkùnrin kan tó máa ń sùn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Agric lọ́jọ́ Àìkú, òórùn ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá àgbà tí kì í jẹ́ kí a fi ife tí a kò mọ ilé tó ti wá gbé omi fún un. Ìyá àgbà tí kò lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí wọ́n ní ọtí á wà. Mo tún gbóòórùn rẹ̀. Mo rò pé obìnrin yẹn ṣì í gbé.

Nígbà tí mo dé, mo gbé ìgò náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, n kò sì kúrò. Ó wò mí.

“Kí ló dé tó o dúró bí òpó?”

“Ìyá àgbà, wọ́n ní ọlọ́tí ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó fẹ́ fún ẹ ní olómi ni?”

Kò sí ìtìjú lójú rẹ̀, kò sí ìbínú. Ó ti ń ṣí ìgò náà. Èyí ló wá bà mí lẹ́rù ju òórùn náà lọ.

“Dókítà bi yín ní ọtí, ẹ ní ẹ kì í mu ún.”

“Mi ò kí ń mu ún.”

“Èyí ńkọ́, mà?”

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. “Ọmọ yìí, kí ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú?”

“Epo wà níbẹ̀, mà.”

“Ṣé o ti rí ẹni tó fi ọṣẹ jẹ iṣu rí?”

Mo mi orí.

“Nígbà tí epo bá ti di ọṣẹ, kò jẹ́ epo mọ́. Ọtí ni ohun tí àwọn aláìníṣẹ́ ń jókòó tì, tí wọ́n ń fi ṣe fàájì. Èyí oògùn ni. Mi ò mu ún fún adùn, ó korò bí jogbo. Lọ wo iná.”

Mo lọ wo iná. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà dá mi lẹ́kun. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yí ẹja padà lórí ààrò, ohun tí dókítà sọ ń padà wá sí mi létí: bó bá jẹ́ ọtí ni, ọ̀rọ̀ rọrùn. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe ọtí. Ibòmíràn ni wọ́n á máa wá a lọ, ẹsẹ̀ náà á sì máa kú sí i. Mo wo ìyá àgbà. Ó bu àgbo rẹ̀ sínú ife, ó ní “Bisimilahi”, ó gbé e mu.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, a wọ ọkọ̀ padà lọ sí Ìkòròdú. Bí a ti ń kọjá oríta Ìmọ̀ta, ìyá àgbà ń sùn, orí rẹ̀ wà léjìká mi, mo sì gbìyànjú láti gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú tì mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà ní fítámì náà ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Ó ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n á máa gún un fún un, nítorí inú kò ní gba ti oníhóró dáadáa. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti parí. Ó tún ṣí ìwé mìíràn.

“Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ń ṣe bákan. Kò burú púpọ̀, àmọ́ fítámì kò lè ṣàlàyé ìyẹn. Èmi ò fẹ́ kí a máa fi ojú fo nǹkan. Bí kò bá yé wa, a máa ní láti rán yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun ìbàdí yín.”

“Egungun?” Ohùn ìyá àgbà kéré. “Wọ́n á gún egungun mi?”

“Wọ́n á fi oògùn pa ibẹ̀ kó má baà dùn yín púpọ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo tún ń béèrè. Ọtí ńkọ́? Kódà díẹ̀?”

“Mo ti sọ fún yín, ọmọ mi. Mi ò kí ń mu ọtí.”

Ó wo dókítà lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Òótọ́ rẹ̀ ló ń sọ. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló ń pa, ó ṣeé ṣe kí dókítà fura. Ó ti gbé kálámù láti kọ ìwé tí a máa mú lọ sí Èkó. Mo rí i tí ẹnu kálámù náà kan bébà.

“Ẹ bi wọ́n ní àgbo,” ni mo wí.

N kò mọ̀ pé màá sọ ọ́. Dókítà gbójú sókè, mo rò pé kò tíì gbọ́ ohùn mi rí láti ìgbà tí a ti ń wá. Ìyá àgbà yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sọ pé a ó jọ délé.

“Àgbo wo, Màmá?”

“Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn. Àgbo ẹ̀yìn lásán ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Yorùbá ni yín.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni dókítà wí. Ó bi í bí obìnrin abẹ́ agboòrùn yẹn ṣe bi èmi, ohùn kan náà: “Olómi àbí ọlọ́tí?”

“Ọlọ́tí,” ni ìyá àgbà dá a lóhùn kíákíá, bí ó ti máa ń dá alágbo lóhùn.

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà padà bá a. Ó ya ẹnu, ó pa á dé. Ó gbé ọwọ́ sí ètè rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ta lẹ́nu. Ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọtí náà láti ọdún tí n kò mọye, kò sì gbọ́ ọ rí àfi lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé kálámù sílẹ̀. “Ẹ ṣeun, Màmá. Ìgbà wo lẹ máa ń mu ún?”

“Láàárọ̀,” ó ní. “Bí mo bá ti kírun tán. Ife kékeré kan. Bó bá tún di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀yìn ń ro mí, òmíràn.”

“Ó ti tó ọdún mélòó?”

“Ìyá ọmọ yìí ò tíì lọ́kọ.”

Dókítà ya ìwé Èkó náà sí méjì. Ó ní kí a ṣì dá ọ̀rọ̀ egungun dúró ná. Oògùn ṣúgà ti gba fítámì lọ́wọ́ ara, àgbo ọlọ́tí náà ti ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ látẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ló pawọ́ pọ̀ lé ẹsẹ̀ náà lórí. Ó ní kó fi àgbo náà sílẹ̀, kí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí a sì tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò bó bá ṣe díẹ̀. Bí hóró bá ti ń kéré padà, a jẹ́ pé ọ̀nà là ń tọ̀. Mo béèrè nípa ẹsẹ̀. Ìgbà kejì tí mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

“Mi ò lè ṣèlérí,” ni dókítà wí. “Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

Nínú ọkọ̀, ìyá àgbà kò bá mi wí bí mo ti retí. Ó ń wo ojú fèrèsé. A ti fi Ìkòròdú sílẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

“Gbogbo ìrun tí mo ti ń kí ńkọ́?”

Mo mú ọwọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n mú un.

Mo mọ̀ pé ó lọ bá àáfáà mọ́sálásí wọn, nítorí ó ní kí n dúró níta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sọ ohun tí wọ́n wí, n kò sì béèrè. Ó gbé ìgò abẹ́ ibùsùn jáde, ó da ohun tó kù nínú rẹ̀ sínú gọ́tà, ó fọ ìgò náà, ó tún un fọ̀, ó wá jù ú nù pẹ̀lú. Ó rán mi sí alágbo pé kó má ṣe tọ́jú tirẹ̀ mọ́.

“Ṣé olómi ni wọ́n wá fẹ́ báyìí?” ni obìnrin náà bi mí.

“Rárá, mà.”

“Ta ló tàbùkù mi lọ́dọ̀ wọn?”

Mo wo ilẹ̀.

Ẹ̀yìn ro ó gan-an lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ń kanra mọ́ mi, ó ń kanra mọ́ ẹja. Èmi ni mò ń tẹ̀ ba lórí ààrò, òun jókòó sórí àpótí, ó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ó ń sọ bí màá ṣe yí i. Nọ́ọ̀sì tó ń gún un lábẹ́rẹ́ mọ ẹnu rẹ̀ débi pé bó bá ti rí wa á ní, “Àlàájà, ẹ wá bú mi tán ká tó bẹ̀rẹ̀.” Ọgbẹ́ náà ń jinná díẹ̀díẹ̀. Èsì tuntun jáde, dókítà ní hóró ẹ̀jẹ̀ ti ń kéré padà, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń pọ̀. Ìyá àgbà kò dúpẹ́ lọ́tẹ̀ yìí kó tó béèrè pé, “Èyí tó kéré yìí, ṣé ó dáa?” Nígbà tí dókítà dáhùn pé ó dáa ló tó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kan, ó jókòó ní ẹ̀yìn ilé láti ṣe àlùwàlá. Kò lè tẹ̀ ba dáadáa, nítorí náà èmi ni mò ń bá a da omi. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fi omi ra orí. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Mo da omi sí i, ó sì fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn.

Mo rò pé mo ṣe é léṣe.

“Ó tutù,” ó ní.

Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ọmọdé tí wọ́n jí lójú oorun. Ó tún na ẹsẹ̀ náà síta fúnra rẹ̀, mo tún dà á, ó sì di etí àpótí mú.

“Omi yìí tutù.”

Ó wá na ẹsẹ̀ òsì, èyí tó jóná. Mo da omi sí ọrùn ẹsẹ̀, mo jẹ́ kó ṣàn lọ sí ọmọ ìka. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn. Omi náà ṣàn tán, ó wọ ilẹ̀. Ó ń dúró. N kò lè wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni mò ń wò.

“Tún dà á,” ó ní.